Ìhà Màlúù Nínú Ààrò Àlàájà

Bí mo bá gbóòórùn igi tó ń jó pẹ̀lú ọ̀rá màlúù, kódà bó jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí wọ́n ti ń yan súyà, Sango ìgbà Sáàpù ni ọkàn mi máa ń sá lọ. Ilé tí à ń gbé wà ní ọ̀nà Ijoko, kò jìnnà sí ojú irin, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni békìrì onílé wa wà. Lọ́jọ́ iṣẹ́, òórùn Sango kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yọ̀ mọ́: irin gbígbóná láti ilé iṣẹ́ kan, rọ́bà jíjó láti òmíràn, àti nǹkan kan tó rí bí ọtí kíkan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti ń wá. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ fún ọdún nìkan ni atẹ́gùn ibẹ̀ máa ń mọ́, tí èèyàn á sì mọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń sè. Ọdún Iléyá kan ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí gbogbo ilé iṣẹ́ tì, tí òórùn tó gba àdúgbò wa kan sì jẹ́ tèmi.

Kúùkù ni iṣẹ́ mi. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi ò fi tijú rí. Ilé àlejò ilé iṣẹ́ aṣọ kan ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ìyàwó ọ̀gá òyìnbó tó wà níbẹ̀ nígbà náà. Obìnrin yẹn kì í fi oúnjẹ ọjọ́ Àìkú ṣeré. Ìhà màlúù ló máa ń fẹ́, lódindi, tòun ti egungun, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àáké kàn. Ó kọ́ mi pé kí n tètè fi iyọ̀ ra á, kí n gbé e kalẹ̀ kí egungun wà nísàlẹ̀ bí àga tí ẹran jókòó lé, kí n má máa ṣí ilẹ̀kùn wò ó ní gbogbo ìgbà, àti pé bó bá jáde, kí n jẹ́ kó sinmi kí n tó gbé ọ̀bẹ sí i. Gbogbo èyí ni mo gbà. Ibi tí ọ̀rọ̀ èmi àti màdámú kò ti wọ̀ ni pé ó fẹ́ kí inú rẹ̀ pupa. Omi pupa á máa ṣàn sínú àwo, á ní bó ṣe dáa nìyẹn. Èmi ọmọ mùsùlùmí, ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń kọjú sí bí mo bá ń gbé e síwájú rẹ̀. Mo sì máa ń sọ nínú ara mi pé lọ́jọ́ kan, èmi náà á yan ìhà lódindi, á jinná dé egungun, á sì rọ̀ ju tirẹ̀ lọ.

Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, wá dé. Náírà di yẹpẹrẹ, ọ̀gá òyìnbó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sílé. Ọ̀gá tuntun ti Íńdíà wá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í fẹnu kan màlúù, ó sì ti mú kúùkù tirẹ̀ dání. Bí mo ṣe dẹni tó jókòó sílé nìyẹn. Mo máa ń sọ fún ọkọ mi, ká lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín, pé màlúù ló gbà mí síṣẹ́, àìjẹ màlúù ló lé mi kúrò. Òun ṣì wà nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ, ṣùgbọ́n òwú wọ́n, ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá rí òwú ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè wọ́n.

Onílé wa, Àlàájà, ìyà Sáàpù jẹ ẹ́ jù wá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sọ. Bí ìjọba ṣe fòfin de àlìkámà òkè òkun ni fúláwà di wúrà. Àlàájà gbìyànjú, ó po ìyẹ̀fun pákí mọ́ ọn, ṣùgbọ́n búrẹ́dì náà ń fọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, àwọn tó ń gbà á lọ tà sì ń dá a padà. Níkẹyìn, ó jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa lọ, ó pa iná, alángbá sì di onílé nínú ààrò. Ààrò gidi ni o, bíríkì pupa, òrùlé rẹ̀ tẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó kí irin búrẹ́dì tó tóbi jù wọlé láìfara gbá. Àlàájà ti pinnu láti wó o, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ háyà. Bíríkìlà ti wá wọn ibẹ̀. Bí ọdún Iléyá bá ti parí ló máa bẹ̀rẹ̀.

Èmi ti wo ààrò yẹn títí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ki orí bọ ẹnu rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ mi wà níbẹ̀. Kò sí bí tọkọtaya bíi tiwa ṣe lè kọ́ irú rẹ̀ láyé yẹn. Bí wọ́n bá wó o, ohun tó kù fún mi ni kí n padà sí ìlú wa lápá Ọ̀ṣun, kí n lọ jókòó ti ìyá mi, kí ọkọ mi sì máa nìkan gbé Sango pẹ̀lú òwú tó ń wá tó ń lọ. Mo lọ bá Àlàájà, mo kúnlẹ̀, mo ní kó fi ààrò náà sílẹ̀ fún mi kí n máa yan ẹran àti adìyẹ tà fún àwọn tó ń ṣe ìkómọ, fún àwọn ilé iṣẹ́, àti fún àwọn tó ń kọjá lọ. Ó gbọ́ mi dópin, nítorí kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni.

"Ìyàwó," ó ní, "ààrò tí kò rí búrẹ́dì, ilé alángbá ni. Ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́."

Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n fi yan ẹran Iléyá nìkan. Ìyẹn kò ni ín lára. Ó ní kí n lò ó, kí n sì kí i pé ó dìgbóṣe. Èmi mọ ohun tí mò ń rò: ẹnu Àlàájà ni egungun àkọ́kọ́ máa wọ̀, bó bá sì ti jẹ ẹ́ tán, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù á yí padà. Kò sí iyèméjì kankan lọ́kàn mi. Èèyàn mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe.

Àgbò kò ṣeé sún mọ́ lọ́dún yẹn. Àwọn tó máa ń pa méjì tẹ́lẹ̀ ń wò ó lókèèrè. Nínú ilé wa, ìdílé méje ló pawọ́ pọ̀ ra màlúù kan, bí ẹ̀sìn ṣe gbà wá láàyè. Bí wọ́n ṣe ń pín in, ìwọ náà mọ̀ ọ́n: wọ́n á tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀, wọ́n á mú díẹ̀díẹ̀ lára gbogbo ẹ̀yà kún òkìtì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ojúsàájú wà. Nítorí náà, kò sí ẹ̀yà kankan tí kì í fojú rí àáké. Bí alápatà ṣe gbé àáké sókè sí ìhà, mo nawọ́, mo ní kó dúró. Mo ní kí wọ́n fún wa ní ìhà apá kan lódindi, kí àwọn yòókù sì gba ìpín tiwa nínú itan, ẹ̀dọ̀, ṣàkì àti gbogbo ẹ̀yà tó kù.

Ìyàwó téélọ̀, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, wò mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ara mi yá. Téélọ̀ fúnra rẹ̀ rò pé ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí òun kò mọ̀. Ó gbé ìhà náà wò, ó gbé e kalẹ̀, ó tún gbé e. Alápatà bi mí pé, "Ìyàwó wa, ṣé egungun lẹ fẹ́ fi ṣọdún?" Mo ní egungun ni. Mo rí ọkọ mi tó ń fojú sin ẹ̀dọ̀ tó ń lọ sínú òkìtì àwọn ẹlòmíràn. Ààfáà tó bá wa dúńbú màlúù náà ló dá sí i. Ó ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí gbogbo wa bá ti yọ̀ǹda, kìkì pé kí n rántí pé ọ̀nà mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ pín tiwa náà sí: ti ilé, ti ará àti aládùúgbò, àti ti ẹni tí kò rí ẹran pa. Mo ní mo gbọ́. Bí ìhà ṣe di tèmi nìyẹn, tí inú gbogbo wọn sì ń dùn pé àwọn ti rẹ́ mi jẹ.

Láti ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti ń dáná sínú ààrò, nítorí ààrò tó ti pẹ́ tí kò rí iná máa ń mu omi sára. Ó kọ́kọ́ sunkún: omi ń ṣẹ́ jáde lára bíríkì, èéfín funfun tó ń rùn bí àjà ilé bo ẹ̀yìnkùlé, àwọn alángbá sì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ayálégbé tí wọ́n fún ní ìwé kó-jáde. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Iléyá, ó ti gbóná dé inú. Mo wọ́ ẹyin iná jáde, mo fi àkísà tútù nu ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn oníbúrẹ́dì máa ń ta fúláwà sílẹ̀ ààrò láti fi mọ bó ṣe gbóná tó, ṣùgbọ́n ta ló rí fúláwà? Gààrí ni mo fi ṣe é. Mo ta ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, ó dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo dúró títí, mo tún ta òmíràn. Nígbà tí mo lè ka Fátíhà tán kí gààrí tó pọ́n bí èèpo ẹ̀pà sísun, mo mọ̀ pé ó ti tó.

Màdámú máa ń fi músítádì pa ẹran lára. Irú ni mo fi rọ́pò. Mo gún un mọ́ áyù, ata gbígbẹ, ìyèré àti ewé ẹfinrin tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, mo fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ pò ó, mo sì fi ra ẹran tí iyọ̀ ti wọ̀ lára náà. Mo gbé e jókòó lórí egungun ara rẹ̀ nínú irin búrẹ́dì Àlàájà tó fẹ̀ jù, mo tì í wọlé, mo ti ilẹ̀kùn irin rẹ̀, mo sì fi amọ̀ rẹ́ etí ilẹ̀kùn náà yíká. Màlúù tiwa kò rí bí ti òyìnbó. Ó ti rin ìrìn àjò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, iṣan rẹ̀ mọ iṣẹ́, bí o bá fi ipá mú un, ipá náà ni yóò fi dá ọ lóhùn. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ooru máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ẹran náà má tilẹ̀ mọ ìgbà tó jinná. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹjọ́ wà. Gbogbo ilé ń dín ẹran. Òróró ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà gbogbo yàrá, àwọn ọmọdé ń sáré kiri pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ní yàrá tiwa, gààrí la bu omi tútù sí. Àwa tí a pa màlúù kò rí ẹran jẹ. Ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò bínú, kò sì yọ̀. Ìyàwó téélọ̀ ṣàánú wa, ó bu ẹran díndín ránṣẹ́, ó ní ká fi pa ẹnu dà. Mo dúpẹ́, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó jẹ ẹ́ tán, ó wá bi mí bóyá ohun tí mò ń ṣe yìí dá mi lójú. Mo bi òun náà pé bó bá so òwú mọ́ ẹ̀rọ, ṣé ó máa ń dá a lójú pé aṣọ ló máa jáde. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi sùn wọra. Òun ló ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òórùn ló jí ilé. Ó ti ń yọ́ jáde níbi tí amọ̀ ti sán. Ó jinlẹ̀, kò jọ ti ẹran díndín rárá: ọ̀rá tó ti yọ́ wọnú irú, ẹfinrin, igi, àti díẹ̀ lára búrẹ́dì àtijọ́ tí àwọn bíríkì yẹn ti mu sára láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Kí n tó fọ́ amọ̀ tán, gbogbo ayálégbé ti yí mi ká. Mo fa irin náà jáde. Ara ẹran náà ti dúdú, ó ń dán, orí àwọn egungun sì ti yọ síta. Téélọ̀ ní kí n gé e ká wo ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, nítorí gbogbo wọn ti gbọ́ ìtàn ẹran pupa màdámú lẹ́nu mi. Mo ní ẹran náà ń sinmi. Ó ní kí ló ṣe tó fi ń sinmi, ṣé òun ló dáná ni. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kí n tó ki ọ̀bẹ bọ àárín egungun méjì. Ọ̀bẹ kò rí iṣẹ́ ṣe. Omi tó jáde mọ́ gaara, ẹran náà sì rọ̀ débi pé ègé kan já bọ́ fúnra rẹ̀ sínú irin. Ọkọ mi mú ègé yẹn, ó jẹ ẹ́, ó wò mí, ó tún nawọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ ti parí láàárín wa.

Mo yọ egungun tó dáa jù fún Àlàájà, mo fi abọ́ tánganran bò ó, mo gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ìyàwó téélọ̀ ló sọ fún mi pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti wá pè é láti Ìjù, pé ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò yá, àti pé kò ní dé kí ọdún tó parí. Mo ti ro gbogbo nǹkan, láti orí gààrí dé orí amọ̀, mi ò ro ilẹ̀kùn títì. Bí Àlàájà bá dé ní àárọ̀ kan náà pẹ̀lú bíríkìlà, ààrò á ti wó kó tó fẹnu kan nǹkan. Inú mi bàjẹ́, mi ò ní parọ́. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ṣùgbọ́n ẹran ò ní dúró de ìbànújẹ́ ẹnikẹ́ni. Mo padà lọ pín in bí Ààfáà ṣe wí. Mo yọ ti ilé, mo gbé ti aládùúgbò fún wọn láti yàrá dé yàrá, ó wá ku ti àwọn tí kò rí pa. Mo gbé e fún opó kan tó ń gbé lẹ́bàá ojú irin, mo gbé e fún bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ tó wà níwájú wa. Nígbà tí mo dé, egungun kan ló kù nínú irin, egungun ńlá, ẹran bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níwájú békìrì, bíríkìlà jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wá tún iṣẹ́ wò. Ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun ni, apá Ọ̀yọ́ ló ti wá. Owó ọkọ̀ tó gbówó lórí kò jẹ́ kó lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ ṣọdún, inú ilé kan tí wọn kò tíì kọ́ parí ní Iyana Iyesi ló ń sùn.

Ọkọ mi fi ojú tọ́ka sí i. Mo ní, "Ẹni tó fẹ́ wó ààrò mi nìyẹn."

Ó ní, "Ṣé ó pa ẹran ni?"

Mo lè gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún un kí n sì fi ìyókù pamọ́, Ọlọ́run ò ní bi mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo ẹran náà, ìgbéraga oníṣẹ́ ọwọ́ gbé mi wọ̀. Mi ò lè fi ahun pín ohun tó dáa tó yẹn. Mo sì sọ nínú ara mi pé bí ọkùnrin yìí bá máa wó o, kó mọ ohun tó ń wó. Mo gbé egungun náà sínú àwo lódindi, mo gbé e lọ bá a, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọdún, ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Inú ààrò tí ẹ fẹ́ wó ló ti jáde."

Mi ò fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, mi ò sì dúró wò ó. Nígbà tí mo padà lọ gbàwo, egungun náà mọ́ bí èyí tí wọ́n fọ̀. Bíríkìlà kò sí lórí búlọ́ọ̀kù mọ́. Ó ti lọ dúró sẹ́nu ààrò, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bíríkì tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Ó gbé àwo fún mi, ó ṣàdúrà fún mi dáadáa, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ. Mi ò mọ ohun tí mo lè rí kà sí nínú àdúrà yẹn. Gbogbo ẹni tó bá jẹun yó ló ń ṣàdúrà.

Ní gbogbo àwọn ọjọ́ tó kù nínú ọdún náà, mo ń kó ẹyin iná díẹ̀ sínú ààrò láràárọ̀, mo ń gbé ìpín Àlàájà padà síbẹ̀ kó má bàa bàjẹ́. Ọkọ mi kò bi mí léèrè nípa rẹ̀ rí. Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Sango ni Àlàájà ti Ìjù dé, bíríkìlà sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Òòlù ńlá rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Abọ́ wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ tí Àlàájà ń bi í pé kí ló ń dúró dè.

"Ẹ má bínú, Àlàájà," bíríkìlà dáhùn. "Mo ti jẹun níbẹ̀. Mi ò lè gbé òòlù sí i."

Àlàájà rò pé ó fẹ́ kí òun fi kún owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé jẹ́jẹ́, láìwo ojú mi, pé láti kékeré ni ìyá òun ti kìlọ̀ fún òun pé ìkòkò tí òun bá ti jẹ nínú rẹ̀, òun kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara òun fọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n wá bíríkìlà mìíràn, inú òun ò ní bàjẹ́; bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣọ́ọ̀bù sí apá kejì ilẹ̀ náà, òun á kọ́ ọ. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó kéré. Ọ̀kan ṣoṣo yẹn ni mo rí tó fi í sílẹ̀ nítorí ohun tó jẹ, nínú ọdún tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú. Omi bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kó bọ́.

Àlàájà yíjú sí mi. "Ìyàwó, kí lo fún un jẹ?"

"Ìpín tiyín rèé, mà," mo ní, mo sì ṣí abọ́.

Ẹni tí kì í jẹun lórí ìdúró, orí ìdúró níbẹ̀ ló ti jẹ ẹ́. Ó fi ìka mẹ́ta já ẹran lára egungun, ó jẹ ẹ́. Ó tún já òmíràn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú ààrò rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ti pẹ́ lájò. Kò bi mí nípa irú, kò bi mí nípa ata.

"Kí lo fi mọ̀ pé ó ti tó?" ló bi mí.

Mo ní gààrí ni. Mo sọ bí mo ṣe ta á sílẹ̀, tí mo ń ka Fátíhà, tí mo sì ń wò ó títí ó fi pọ́n.

"Gààrí?" Àlàájà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí fúláwà ti wọ́n. "Fúláwà lèmi máa ń ta sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Fátíhà yẹn náà ni mò ń kà."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára etí ìró rẹ̀. Ó ní kí n máa lò ó títí di Ààwẹ̀, àti pé bí kò bá so èso, òun á wó o, kódà bó jẹ́ òun fúnra òun ló máa gbé òòlù. Ó wá sọ fún bíríkìlà pé kó má rin ìrìn lásán, kó bá òun dí ibi tó sán lẹ́nu ààrò náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí wọ́n pè wá wó o ṣe kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó ń fi sìmẹ́ńtì dí i.

Ààwẹ̀ dé, ó kọjá, Àlàájà kò sọ nǹkan kan. Ààwẹ̀ mìíràn tún dé. Nígbà tí fúláwà padà, èmi àti Àlàájà jọ ń lo ààrò náà ni: búrẹ́dì rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé, bí búrẹ́dì bá jáde, ooru tó kù ń tó ẹran mi. Nígbà tí Àlàájà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu. Ọkọ mi fi ẹ̀rọ ìhunṣọ sílẹ̀ nígbà tí òwú tán pátápátá, ó wá ń bá mi la igi, ó sì máa ń ṣàwàdà fún àwọn oníbàárà pé òun ti sùn lébi rí nítorí ẹran tí wọ́n ń jẹ. Bíríkìlà kò pa Iléyá kan jẹ. Ó ń wá gba egungun rẹ̀ títí ó fi dàgbà, tó padà sí ìlú wọn, lẹ́yìn ìyẹn, mo ń fi rán ọkọ̀ láti gáréèjì Sango.

Mo máa ń rántí pé ẹnu onílé ni mo ń wò lọ́dún yẹn. Gbogbo ète mi dá lé Àlàájà, mo gbàgbé ẹni tí òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé Ààfáà rán mi létí ìpín kẹta, bí ọkọ mi kò bá sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn, mi ò ní gbé egungun fún un. Àwọn èèyàn máa ń ní orí mi ló gbà mí. Orí mi gbà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, bí o bá gbọ́ pé ẹnìkan ń bọ̀ wá wó nǹkan rẹ, má sá pamọ́ fún un. Se oúnjẹ sínú nǹkan náà, bù ú kó kún, kí o sì jẹ́ kó jókòó jẹun níbẹ̀ kó tó na ọwọ́ sí òòlù.